Àyè Olùwà àti Àyè Àbọ̀: Ìbéèrè Tí Ó Wà Nínú Orúkọ Kétu

Ìbéèrè jẹ́ gbólóhùn tí àyè kan ṣófo nínú rẹ̀, tí ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ sì ń retí kí ẹlòmíràn wá dí àyè náà. Nínú gbólóhùn kúkurú bí "Adé rí Ayọ̀", àyè méjì ni ó yí ọ̀rọ̀-ìṣe ká: àyè ti iwájú, níbi tí Adé wà, ni àwọn onímọ̀ gírámà ń pè ní olùwà, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí ó ṣe nǹkan, àyè ti ẹ̀yìn, níbi tí Ayọ̀ wà, ni wọ́n ń pè ní àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí a ṣe nǹkan sí. Ẹni tí kò mọ ẹni tí ojú rẹ̀ ríran yóò bèèrè pé "Ta ni ó rí Ayọ̀?", ẹni tí kò sì mọ ẹni tí a rí yóò bèèrè pé "Ta ni Adé rí?" Ọ̀rọ̀ kan náà, "ta ni", ni ó ṣíwájú ìbéèrè méjèèjì, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ síra bí ọdẹ ṣe yàtọ̀ sí ẹran tí ó ń dọdẹ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ èdè máa ń ka ìyàtọ̀ yìí sí ọ̀ràn ìtò ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ìbéèrè tí ó wá lọ́wọ́ òfo: bí a bá ti fi àyè kan sílẹ̀ ní ṣíṣófo, a ti dí àwọn àyè yòókù, ohun tí a sì fi dí wọn jẹ́ ohun tí a ti gbà gbọ́ kí a tó la ẹnu.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù lọ ni Kétu, ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí ilẹ̀ òkè pẹrẹsẹ ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Alákétu, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu rẹ̀ sì tọpa ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀ dé Ilé-Ifẹ̀. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìtumọ̀ kan tí ó gbajúmọ̀ nípa rẹ̀, ìbéèrè ni. Bí a bá fi Yorùbá àjùmọ̀lò sọ ọ́, ohun tí orúkọ náà ń bèèrè ni pé: ta ni ó lè tú iké, ta ni ó lè fọ́ ìlú? Iké ni egungun tí ó yọ gọ̀ǹbọ̀ lẹ́yìn abuké, tí àwọn ará ìgbà náà gbà pé kò sí ìwòsàn tàbí agbára tí ó lè mú kí ó tọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tí ó lè tú iké kúrò lẹ́yìn abuké, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tí ó lè fọ́ ìlú yìí. Àwọn ìlú mìíràn fi orúkọ igi, orúkọ odò tàbí orúkọ akọni sọ ara wọn. Kétu fi ìbéèrè olùwà sọ ara rẹ̀, èyí kò sì wọ́pọ̀.

Ohun mìíràn tí ó mú Kétu yẹ fún ìwádìí irú èyí ni pé èdè mẹ́ta pàdé níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ Alákétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti àwọn ìlú mìíràn tí wọ́n ń wo Alákétu gẹ́gẹ́ bí baba bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ọmọ Kétu ń sọ Yorùbá nílé, ó ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé gẹ́gẹ́ bí èdè àjèjì nígbà tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kékeré. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó wà nínú orúkọ ìlú àwọn baba wọn ni èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yóò gbé gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè olùwà ni ó rọrùn jù. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ẹni tí ó fọ́ ìlú yóò sọ pé "Who broke the town?": ọ̀rọ̀ "who" jókòó sí àyè olùwà gan-an, ọ̀rọ̀-ìṣe dúró bí ó ti wà nínú gbólóhùn tí kì í ṣe ìbéèrè, ìtò ọ̀rọ̀ kò sì yí padà rárá. Bí ó bá jẹ́ àbọ̀ ni a ń wá, nǹkan yí padà. "What did they break?" ni a ó sọ: ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún àbọ̀ fò láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́ kan, "did", wọlé sí àárín òun àti olùwà, ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ yìí sì gba àmì ìgbà tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí "broke" fi padà di "break". Àṣìṣe méjì ni ó sábà máa ń jẹ yọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní ni pé kí ó gbàgbé "did" nínú ìbéèrè àbọ̀, kí ó sọ pé "What they broke?", nítorí pé Yorùbá kò ní irú aṣèrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé lẹ́yìn tí a bá ti bá a wí lórí èkíní, kí ó máa fi "did" há gbogbo ìbéèrè, kí ó sọ pé "Who did break the town?", láìmọ̀ pé elédè Gẹ̀ẹ́sì yóò gbọ́ ìyẹn bí ẹni pé ó ń sọ pé "Ta gan-an wá ni ó fọ́ ọ?", ìyẹn lẹ́yìn tí a ti jiyàn, tí gbogbo ẹni tí a fura sí ti sọ pé àwọn kọ́. Faransé ní tirẹ̀ kò lo aṣèrànwọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó kẹ́yìn ni ó fi ń ṣe àmì: "qui est-ce qui" fún ẹni tí ó ṣe é, "qui est-ce que" fún ẹni tí a ṣe é sí. Akẹ́kọ̀ọ́ Kétu tí ó ti gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin "qui" àti "que" yẹn ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kí ó tó dé inú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, bí olùkọ́ rẹ̀ bá lè fi hàn án pé kọ́kọ́rọ́ ni.

Kọ́kọ́rọ́ tí ó sàn jù wà nínú Yorùbá fúnra rẹ̀. Nínú "Ta ni ó fọ́ ìlú?", lẹ́yìn tí "ta" ti fò lọ síwájú "ni", àyè olùwà kò ṣófo: "ó" jókòó síbẹ̀. "Ó" yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "èmi ni ó fọ́ ọ" tàbí "ìwọ ni ó fọ́ ọ" tàbí "àwọn ni ó fọ́ ọ", "ó" kan náà ni, kò yí padà nítorí pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ó ṣe é tàbí nítorí pé àwọn tí ó ṣe é pọ̀. Aṣojú ni ó jẹ́, ó ń tọ́jú àga de ẹni tí ó ni ín. Nínú "Kí ni wọ́n fọ́?", ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn "fọ́" ṣófo, kò sí ohun tí ó ń tọ́jú àyè náà, ohùn kàn dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀nà tí Yorùbá fi ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn, láìlo aṣèrànwọ́ kankan: a kì í fi àga olùṣe sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n a lè fi àga ẹni tí a ṣe nǹkan sí sílẹ̀ ní òfìfo.

Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò kọjá ìbéèrè. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lè sọ pé a fọ́ ìlú láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, nípa gbígbé àbọ̀ wá sí ipò olùwà, Yorùbá yóò sọ pé "wọ́n fọ́ ìlú", "wọ́n" náà á sì dúró fún àwọn tí a kò mọ̀ tàbí àwọn tí a kò fẹ́ dárúkọ. Òtítọ́ ni pé a tún lè sọ pé "ìlú fọ́", ṣùgbọ́n nígbà náà ìlú ni ó di olùwà, bí ẹni pé fúnra rẹ̀ ni ó wó lé ara rẹ̀ lórí. Kì í ṣe ẹ̀rí pé gírámà ni ó kọ́ Yorùbá ní ẹ̀sìn nìyí; èdè púpọ̀ ní àgbáyé ní irú ètò bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń sọ wọ́n kò sì gba ohun kan náà gbọ́. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ń sọ Yorùbá kò lè sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan láìfi àmì hàn pé ẹnì kan tàbí ohun kan wà nídìí rẹ̀, àti pé àìmọ olùṣe kò jẹ́ kí àga rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Samuel Ajayi Crowther, tí ó tẹ ìwé gírámà àti àkójọpọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1852, dé Kétu ní ọdún 1853 ní ìrìn-àjò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì. Gẹ̀ẹ́sì inú Bíbélì ọdún 1611 tí ó ń túmọ̀ sí Yorùbá kò tíì fìdí "did" múlẹ̀ bíi ti òní: ọ̀pọ̀ ìbéèrè inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ti fò síwájú olùwà láìsí aṣèrànwọ́. Ẹni tí ó ń túmọ̀ irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ní láti dá a mọ̀ nígbà gbogbo bóyá olùṣe ni à ń wá tàbí ẹni tí a ṣe é sí, nítorí pé bí ó bá fi "ó" síbi tí kò yẹ, ó ti yí ẹni tí a pa padà di apànìyàn.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù lọ nínú Bíbélì ni ọgbà Édẹ́nì, lẹ́yìn tí ọkùnrin àti obìnrin ti jẹ èso. Ọlọ́run bèèrè ibi tí ọkùnrin náà wà. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ẹni tí ó sọ fún un pé ìhòhò ni ó wà, ìyẹn ìbéèrè olùwà. Ó sì bèèrè lọ́wọ́ obìnrin náà ohun tí ó ṣe, ìyẹn ìbéèrè àbọ̀, nínú èyí tí a ti fi obìnrin náà sórí àga olùṣe kí ó tó dáhùn. Ìdáhùn ọkùnrin náà yẹ fún àfiyèsí púpọ̀. Kò sẹ́ pé òun jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó kó gbólóhùn mìíràn ṣíwájú tirẹ̀: obìnrin ni ó fún òun, Ọlọ́run ni ó sì fún òun ní obìnrin náà. Nínú èémí kan ṣoṣo, ó ti wá olùwà méjì mìíràn síwájú ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti sá lọ sí àyè àbọ̀, ìyẹn ẹni tí a fún. Obìnrin náà ṣe bákan náà, ó fi ejò sórí àga. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ejò, Ọlọ́run kò bi í ní ìbéèrè kankan, olùwà dúró síbẹ̀, ìdájọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní ibi tí wọ́n ti ń parí ìjà nílé Yorùbá mọ irú ìdáhùn ọkùnrin yìí dáadáa.

Robin George Collingwood, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Gẹ̀ẹ́sì, jiyàn nínú ìwé kan ní ọdún 1940 pé gbogbo gbólóhùn tí ènìyàn bá sọ jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan, àti pé gbogbo ìbéèrè ní ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ kí ó tó lè dìde. Bí a bá ń tọpa àwọn ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ wọ̀nyí lọ, ó ní, a ó dé ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè kankan, tí a kò lè dán wò bóyá òtítọ́ ni wọ́n, tí gbogbo ìwádìí mìíràn sì dúró lé lórí. Ó ka ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá bèèrè pé ta ni ó dá ayé ti gbà pé a dá ayé. Ẹni tí ó bá bèèrè pé kí ni Ọlọ́run dá ti gbà pé Ọlọ́run wà, pé ó sì ṣiṣẹ́. Ìbéèrè èkíní àti èkejì kò lè bá ara wọn jà, nítorí pé ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ tí ó yàtọ̀ síra ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lé. Ìbéèrè kan tún wà tí kò bọ́ sí ìsọ̀rí méjèèjì, ìyẹn irú èyí tí àwọn Mùsùlùmí gbà pé àwọn máláíkà méjì yóò bi òkú nínú sàréè, pé ta ni Olúwa rẹ̀, ta sì ni ànábì rẹ̀: kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú rẹ̀ ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Lárúbáwá, kò sí iṣẹ́ tí a ṣe, ẹni tí ẹnì kan jẹ́ nìkan ni à ń bèèrè.

Ìtàn Èṣù, tí a ń kì ní Alákétu, ni ó fi ewu ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ hàn kedere jù. Ọ̀rẹ́ méjì ní oko ní ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní àti ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà kan. Èṣù gba àárín kọjá pẹ̀lú fìlà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì pupa, àwọn méjèèjì rí i, ìjà sì dé lórí àwọ̀ fìlà náà títí ọ̀rẹ́ fi bàjẹ́. Bí a bá wo ìjà náà pẹ̀lú ojú gírámà, kò sí ìyàn láàrin wọn nípa olùwà: àwọn méjèèjì gbà pé ẹnì kan kọjá. Àbọ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí, ìyẹn fìlà aláwọ̀ wo ni ó dé, ìbéèrè náà sì ti fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún wọn pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni fìlà lè ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dáhùn dáadáa, ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ríran dáadáa. Ìbéèrè ni ó ṣì wọ́n lọ́nà, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó rò láti yẹ ìbéèrè wò. A sábà máa ń sọ ìtàn yìí láti fi hàn pé ènìyàn kì í rí gbogbo òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro jù nínú rẹ̀ ni pé òtítọ́ ti sọnù nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà bèèrè kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn.

Ó yẹ kí a fi ojú kan náà wo ìbéèrè inú orúkọ Kétu. Irú ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn ni: ẹni tí ó ń bi í mọ̀ pé àga olùwà yóò wà pẹ̀lú "ó" nìkan títí ayé, ìyàngàn rẹ̀ sì wà nínú àìrí-ẹni-jókòó náà. Ṣùgbọ́n ìtàn àtẹnudẹ́nu tí ó bá orúkọ náà rìn sọ pé wọ́n fi abuké kan rúbọ nígbà ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú, kí ìlú lè fìdí múlẹ̀. Bí a bá padà gbọ́ ìbéèrè náà pẹ̀lú ìtàn yìí ní etí, ohun kan á hàn tí kò hàn tẹ́lẹ̀. Gbogbo àfiyèsí wà lórí olùwà, lórí akọni tí kò sí, ẹni tí kò lè wá tú ohun tí a ti so. Ní àyè àbọ̀, iké àti ìlú nìkan ni ó wà. Ènìyàn tí ó ru iké náà kò sí níbẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kù nínú gbólóhùn. Ìbéèrè tí orúkọ náà kò bi ni èyí tí ó jẹ́ ti àbọ̀: ta ni wọ́n fi rúbọ? Nínú ìyẹn pàápàá, "wọ́n" ti fi ọwọ́ bo ojú àwọn tí ó rú ẹbọ. Kì í ṣe pé a fẹ́ gbé àwọn baba ìṣẹ̀dálẹ̀ Kétu lọ sí ilé-ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Kò sí ìlú àtijọ́ tí ìtàn ìpìlẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìsí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́ ọmọdé ní ìbéèrè olùwà láìkọ́ ọ ní ìbéèrè àbọ̀ ti kọ́ ọ láti máa wo ẹni tí ó gbé idà, kí ó má sì wo ọrùn tí idà bà lé.

Ní ọ̀rúndún 19, ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn rí ìdáhùn. Ìlú náà ní odi àti yàrà jíjìn, ó sì ní ẹnubodè olókìkí tí a ń pè ní Akaba Ìdènà, tí ó ṣì wà títí di òní. Ní àkókò Glèlè, tí ó jọba ní Dahomey láti 1858 sí 1889, àwọn ọmọ-ogun Dahomey kọlu Kétu ní ọdún 1883. Wọ́n tún padà wá ní ọdún 1886, wọ́n dó ti ìlú títí ebi fi wọ inú rẹ̀, wọ́n sì fọ́ ọ, wọ́n sun ún, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Láti ìgbà náà, "Ta ni ó fọ́ ìlú?" ti di ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn nínú ìdánwò ìtàn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan kò tó fún un. Òpìtàn yóò sọ pé Dahomey ni, yóò sì tọ́ka sí ogun àti òwò ẹrú. Ẹni tí ó wà nínú odi náà lè sọ pé ebi ni. Ẹlẹ́sìn lè bèèrè ibi tí àwọn òrìṣà wà, tàbí kí ó sọ pé ẹbọ ìpìlẹ̀ ni ó gbó. Gbogbo wọn ń du àga kan náà, "ó" kan náà ni wọ́n fẹ́ lé dìde kí ẹni tiwọn lè jókòó, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ kan ní olùwà tí ó ju ẹyọ kan lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wà ní ipele tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpín ẹ̀dá ni Yorùbá ti ronú jinlẹ̀ jù lọ lórí ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó sí àyè olùwà, bí wọn kò tilẹ̀ pè é ní gírámà. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n fún ohun tí ẹ̀dá mú wá sáyé, Bọ́lájí Ìdòwú sì jíròrò wọn nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní ọdún 1962. Àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí ènìyàn kúnlẹ̀ tí ó yàn: nínú ọ̀rọ̀ yìí, ènìyàn ni olùwà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó nà, ojú rẹ̀ ni ó fi wo orí tí ó mú. Àkúnlẹ̀gbà ni ohun tí ó kúnlẹ̀ tí ó gbà: òun ṣì ni olùwà, nítorí pé òun ni ó gbà á, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti fún un kí ó tó gbà, ìtẹ́wọ́gbà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Àyànmọ́ ni ohun tí a yàn mọ́ ọn: níbí, ènìyàn ti kúrò ní àyè olùwà pátápátá, ó ti di ẹni tí a so nǹkan mọ́, bí a ṣe ń so àdó mọ́ ìdí ọdẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìpín kan. Ọ̀kan fi ẹ̀dá sí iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀kan fi í sí iwájú ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọwọ́ ṣíṣí, ọ̀kan tì í sí ẹ̀yìn.

Àwọn kan ti sọ pé àtakò wà nínú èyí, pé ìpín kò lè jẹ́ ohun tí a yàn àti ohun tí a yàn mọ́ni nígbà kan náà. Àtakò náà yóò dúró bí ìbéèrè bá jẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni: "Kí ni o yàn?" àti "Ta ni ó yàn án mọ́ ọ?" Ìbéèrè èkíní ni a máa ń bi ọ̀lẹ tí ó ń fi orí bojú, nítorí pé ó dá a padà sórí àga olùṣe, ó sì bèèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìbéèrè èkejì ni a máa ń bi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ níwájú ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò bi ìyá náà pé kí ni ó yàn. Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò èkejì, wọ́n mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ. Ìtàn Afùwàpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n lọ mú orí nílé Àjàlá amọkòkò náà di àyè méjèèjì mú: àwọn ni wọ́n nawọ́ mú orí, ṣùgbọ́n Àjàlá ni ó mọ ọ́n, ọ̀pọ̀ orí tí ó lẹ́wà lójú ni kò sì jiná dáadáa, ẹni tí ń yàn kò sì lè fi ojú lásán mọ èyí tí òjò yóò wó.

Ó lè jẹ́ nítorí èyí ni Ifá kì í fi "ta ni" bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Nígbà tí a bá ń di ìbò, oníbèéèrè yóò mú owó ẹyọ kan tí ó dúró fún bẹ́ẹ̀ ni àti eegun kan tí ó dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò pa wọ́n pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, yóò sì yà wọ́n sí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ní ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀ṣẹ́ òsì, láìjẹ́ kí babaláwo rí èyí tí ó wà níbì kan. Odù tí ó bá yọ ni yóò sọ ọwọ́ tí a ó ṣí. Ṣé ire ni? Ṣé ibi ni? Bí ó bá jẹ́ ibi, ṣé ikú ni, ṣé àrùn ni, ṣé òfò ni? Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ohun tí ó dé nìkan ni a ó tó máa sún mọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tàbí agbára tí ó ti wá, díẹ̀díẹ̀, "ṣé" kan lẹ́yìn "ṣé" mìíràn. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìtò yìí. Ẹni tí ara ń ta máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí olùwà, ó ti ní ọ̀tá kan lọ́kàn, àga ti ní ẹni tí ó jókòó kí ó tó dé ilé babaláwo. Ìbò sì ń fipá mú un láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ dájúdájú kí ó tó tọ́ka sí ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè àbọ̀ tí Kétu fi sílẹ̀ láìbi di ohun tí àwọn mìíràn gbé lọ sí òkè òkun. Ṣáájú kí ìlú náà tó fọ́ rárá ni Dahomey ti ń kó àwọn ènìyàn láti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ń tà wọ́n ní etí òkun. Ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ilé òrìṣà kan wà tí a ń pè ní Alaketu, orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ilê Maroiá Láji, ìtàn ilé náà sì sọ pé obìnrin kan láti ìdílé ọba Arò ní Kétu, tí wọ́n kó lẹ́rú, ni ìpìlẹ̀ wọn. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé tí wọ́n ń sin òrìṣà ní ọ̀nà Yorùbá ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Ketu, wọ́n sì ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu. Ní ti gírámà, gbogbo wọn jẹ́ àbọ̀ nínú gbólóhùn Dahomey: wọ́n kó wọn, wọ́n tà wọ́n, wọ́n gbé wọn sọdá. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni kò sí nínú gbólóhùn yẹn. Obìnrin tí a kó ni ó dá ilé sílẹ̀, ni ó sọ ọ́ lórúkọ, ni ó fi òrìṣà lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí sì ní olùwà tí kì í ṣe Dahomey.

Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dahomey ní ọdún 1892, àwọn ará Kétu tí ó kù láàyè bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Wọ́n tún ilé kọ́ sórí ahoro, Alákétu tuntun gun orí oyè, ọ̀nà sì tún gba abẹ́ Akaba Ìdènà kọjá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó gbọ́ orúkọ ìlú náà mọ̀ nísinsìnyí ẹni tí ó fọ́ ọ, ó mọ ọdún tí ó fọ́ ọ, ó sì lè dárúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ láti ilé tirẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò yí orúkọ náà padà.